Ọkàn Tó Tóbi Kì Í Ṣe Ọkàn Tó Lágbára

Bóyá inú ọkọ̀ lẹ wà láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Adó, bóyá ẹ wà ní Ìsẹ̀ tàbí Emùré níbi tí wọ́n ti mú iná lọ, tí ẹ ń ṣọ́ bátìrì fóònù yín lò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkàn la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ọkàn ti olólùfẹ́ o. Ẹran tó ń lù kìkìkì láyà yín bí ẹ ṣe ń gbọ́ mi yìí ni mò ń sọ.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni nǹkan kan tí à ń gbọ́ káàkiri agbègbè wa. Ẹnì kan á lọ ya fọ́tò àyà, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ ẹ̀kò wo ọkàn rẹ̀, dókítà á wá ní, "Ọkàn yín ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ." Ará ilé á gbọ́, àwọn mìíràn á tiẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Ṣé ọkàn kékeré ló wá dáa ni?" Nínú èdè wa, ẹni tó láyà, ẹni tó lọ́kàn, akọni ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dókítà á ṣe dà bí oríyìn. Wọ́n á ra oògùn oṣù kan, bí ara bá ti fúyẹ́ díẹ̀, oògùn tán nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbí lónìí ò pọ̀. Ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú tóbi, iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n agbára tó ń pèsè fún ara rẹ̀ ò bá iṣẹ́ náà dọ́gba mọ́. Ìdí tí kò fi dọ́gba la fẹ́ tú palẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ ò ní fi oògùn sílẹ̀ nítorí pé ara ò ro ó.

Kẹ́ẹ̀gì 280 lójúmọ́

Ọkàn àgbàlagbà ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkúùkù ọwọ́ ẹni lọ. Bí ẹ bá jókòó jẹ́jẹ́, ó ń lù tó ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún wákàtí 24, ó ju ìgbà 100,000 lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kan tó lítà 5. Lójúmọ́, ó lé ní lítà 7,000. Ẹ gbé e sínú kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí a fi ń pọn omi, ó tó kẹ́ẹ̀gì 280. Ẹni tó bá ti pọn omi rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí kẹ́ẹ̀gì márùn-ún péré ń fi ojú ẹni rí. Ọkàn ń pọn 280, kò sí ọjọ́ ìsinmi, kò sí ọjọ́ Àìkú.

Níbo ló ti ń rí agbára? Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa, nǹkan kan wà tó ń jẹ́ ATP. Òun ni owó tí sẹ́ẹ̀lì ń ná. Iṣẹ́ yòówù kí sẹ́ẹ̀lì fẹ́ ṣe, ó gbọ́dọ̀ fọ́ ATP. Bó bá ti fọ́ ọ, ó di ADP, ìyẹn ATP tí wọ́n ti ná. Wọ́n á wá tún ADP yẹn gba agbára sí lára, á sì padà di ATP. Ọkàn ń ná nǹkan bíi kìlò 6 ATP lójúmọ́, èyí tó tó ìlọ́po 20 ìwọ̀n ọkàn fúnra rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé èyí tó wà nípamọ́ nínú ọkàn ní ìgbà kan ṣoṣo ò lè gbé e fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ ronú fóònù tó jẹ́ pé bí ẹ bá yọ ọ́ lórí iná, kí ẹ tó ka ení, èjì, dé ẹ̀wá, ó ti kú. Bí ọkàn ṣe rí nìyẹn. Àfi kó máa ṣe agbára bó ṣe ń ná an, láti inú oyún títí dọjọ́ ikú.

Ibi tó ti ń ṣe é là ń pè ní maitokọ́ńdíríà. Àwọn yàrá kéékèèké ni wọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ni oúnjẹ àti ọ́síjìn ti ń pàdé tí wọ́n ń di ATP. Nínú sẹ́ẹ̀lì ọkàn, wọ́n pọ̀ débi pé wọ́n gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo àyè tó wà níbẹ̀. Ó ju ìdá 95 nínú 100 ATP ọkàn tó ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá.

Búkà oníyán

Ẹ bá mi fojú inú wo búkà oníyán kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìkẹ́rẹ́, ọjọ́ ọjà, aago kan ọ̀sán. Iwájú ni àwọn oníbàárà jókòó sí. Ibẹ̀ ni apá ọkàn tó ń súnkì, tó ń ná agbára. Ẹ̀yìn ni ilé ìdáná wà, ìyẹn maitokọ́ńdíríà. Àwo iyán tó ń jáde gbóná fẹlifẹli ni ATP. Àwo òfìfo tó ń padà sẹ́yìn ni ADP. Agbáwo tó ń sáré láàárín méjèèjì náà wà nínú ọkàn. Kiriatíìnì lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń gba agbára lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná tó ń gbé e dé ibi iṣẹ́.

Ìbéèrè mi wá ni pé, báwo ni ilé ìdáná ṣe ń mọ iye iyán tó yẹ kó gún? Bó bá gún jù, á tutù, á ṣòfò. Bó bá gún díẹ̀, oníbàárà á bínú dìde. Nínú ọkàn, ẹ̀mí ni oníbàárà tó bínú dìde.

Ọ̀nà méjì ló fi ń mọ̀. Ọ̀nà kìíní ni àwo òfìfo. Bí àwo òfìfo bá ń kó jọ sẹ́yìn, a mọ̀ pé àwọn èèyàn ń jẹun níwájú, ẹ gún sí i. Bí ADP bá pọ̀, maitokọ́ńdíríà á yára. Ọ̀nà yìí dáa, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ tán ni ẹ tó ń gbọ́.

Ọ̀nà kejì ni ohùn. Ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá fẹ́ lù, kálísíọ́mù máa ń tú sínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Kálísíọ́mù yìí ló ń sọ fún ẹran ọkàn pé, "Ó yá, súnkì." Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ á tún gba ẹnu ọ̀nà kékeré kan wọ inú maitokọ́ńdíríà, á sọ fún un pé, "Iṣẹ́ ti dé, koná mọ́ ọn." Ìyá oníyán tó jókòó síwájú, tó rí ọkọ̀ èrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, tó sì kígbe sẹ́yìn pé "Iyán mẹ́wàá!" kí àwọn èrò yẹn tó sọ̀ kalẹ̀ pàápàá, ohun tó ń ṣe náà nìyẹn. Kò dúró de àwo òfìfo. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà kálísíọ́mù yìí wà, ṣùgbọ́n ọdún 2011 ni ẹgbẹ́ olùwádìí méjì, ọ̀kan ní Ítálì, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, tó rí èròjà tí wọ́n fi kọ́ ọ gan-an.

Nítorí pé ohùn àti àwo òfìfo jọ ń ṣiṣẹ́, ọkàn tó dá ṣáṣá kì í jẹ gbèsè. Ní 1986, Robert Balaban àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wo inú ọkàn ẹranko tó wà láàyè, wọ́n sì mú kí ọkàn náà yára sí i. Iṣẹ́ pọ̀ sí i dáadáa, síbẹ̀ ATP inú rẹ̀ ò lọ sílẹ̀. Bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ ni ìpèsè ń bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá fi lè gun òkè Olósùnta, kí ọkàn rẹ̀ máa lù kíkankíkan, kó dé òkè, kó mí díẹ̀, kó sì yọ fóònù láti ya àwòrán.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọkàn náà kù. Ọkàn kì í yan oúnjẹ jẹ. Ọ̀rá ló ń jẹ jù. Ó ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ tó ń ti inú ọ̀rá wá. Ó tún ń jẹ súgà, kódà ó ń jẹ èròjà kíkan tí ẹsẹ̀ wa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí a bá ń sáré. Èyí tó bá wà ní sàréè ló ń lò. Bí isu bá wọ́n lọ́jà, búkà gidi mọ bó ṣe máa fi ẹ̀bà dí i. Ohun tó ń dáàbò bo ọkàn nìyẹn, pé kò gbára lé ohun kan ṣoṣo.

Wọ́n fẹ iwájú, wọn ò fẹ ilé ìdáná

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ẹ̀jẹ̀ ríru túmọ̀ sí pé agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara òpó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kí ọkàn tó lè tú ẹ̀jẹ̀ jáde, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ borí ìtì náà. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn tí ẹnì kan fara tì láti òdìkejì. Nígbà 100,000 lójúmọ́, fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún.

Kí ni ọkàn á ṣe? Á nípọn. Sẹ́ẹ̀lì ọkàn kì í fi bẹ́ẹ̀ bí òmíràn bíi ti awọ ara, nítorí náà ńṣe ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á máa sanra, ògiri ọkàn á sì máa ki. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọgbọ́n ni. Ògiri tó nípọn lè ti ẹrù tó wúwo. Ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá tí onítọ̀hún ò ní mọ nǹkan kan. Á máa wa ọkọ̀ rẹ̀, á máa lọ sóko, á máa jó lóde ìnáwó.

Ṣùgbọ́n ẹ padà sí búkà. Wọ́n ti fẹ iwájú. Tábìlì ti di ogójì dípò ogún. Ilé ìdáná ńkọ́? Ohun mẹ́rin ló máa ń bàjẹ́ níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, ọ̀nà ò fẹ̀ sí i. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín tó ń gbé ọ́síjìn wọ inú ẹran ọkàn kì í pọ̀ tó bí ẹran náà ṣe ń sanra. Igi ìdáná àti omi ò wá dé ẹ̀yìn dáadáa mọ́.

Èkejì, ilé ìdáná fúnra rẹ̀ ò dàgbà. Nínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀gá kan wà tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ maitokọ́ńdíríà sí i, kí wọ́n sì máa jó ọ̀rá. PGC-1α ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí ọkàn bá ti ń rẹ̀, àṣẹ ọ̀gá yìí máa ń rọlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ṣe. Ọkàn á wá fi ọ̀rá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á máa gbára lé súgà, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe nígbà tó ṣì wà nínú oyún. Oúnjẹ tó lè jẹ ń dín kù nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ ń pọ̀.

Ẹ̀kẹta, agbáwo á dín kù. Kiriatíìnì inú ọkàn máa ń lọ sílẹ̀ kí ATP fúnra rẹ̀ tó lọ sílẹ̀. Iyán lè wà lẹ́yìn, ẹni tó máa gbé e síwájú ni kò tó.

Ẹ̀kẹrin, èyí tó jọ mí lójú jù, ni pé ohùn ò dé ẹ̀yìn mọ́. Nínú ọkàn tó ń rẹ̀, ìtújáde kálísíọ́mù máa ń rọlẹ̀, sódíọ́mù sì máa ń pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì. Sódíọ́mù yìí máa ń jẹ́ kí ìwọ̀nba kálísíọ́mù tó wọ inú maitokọ́ńdíríà tètè jáde padà. Ìyá oníyán kígbe "Iyán mẹ́wàá!", ariwo gbé ohùn rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n dán an wò nínú ọkàn ẹranko, wọ́n rí i pé bí iṣẹ́ bá ṣàdédé pọ̀ sí i, ìpèsè agbára ọkàn tó ń rẹ̀ máa ń ṣubú ná kó tó gbìyànjú láti dìde. Ó ń dúró de àwo òfìfo kó tó mọ̀ pé iṣẹ́ dé. Láfikún, bí ilé ìdáná ò bá bá ìbéèrè dọ́gba, iná inú rẹ̀ á máa ta pàrà. Àwọn èròjà ọ́síjìn tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ á máa jáde níbẹ̀, wọ́n á sì tún máa ba ilé ìdáná náà jẹ́.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dé ìparí, tí ọkàn ò lè ti ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, ATP tó wà nínú rẹ̀ ti lè fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti ọkàn tó dá. Ní 1997, Stefan Neubauer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì fi ẹ̀rọ wo agbára tó wà nípamọ́ nínú ọkàn àwọn aláìsàn tí ọkàn wọn ti fẹ̀, láìla àyà wọn. Àwọn tí ìpamọ́ wọn kéré, àwọn ni ikú tètè mú jù. Ní 2007, Neubauer kọ àpilẹ̀kọ kan tó lókìkí, ó fi irú ọkàn bẹ́ẹ̀ wé ẹ́ńjìnnì tí epo tán nínú rẹ̀.

Kí ló dé tí mo ń mí hẹlẹ?

Ẹ̀yin kan á máa rò ó pé bí agbára bá dín kù, ìlù ọkàn ló yẹ kó kọ́kọ́ rọ. Rárá o. Ìsinmi ọkàn ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Lẹ́yìn tí ọkàn bá súnkì, ó gbọ́dọ̀ tú kí ẹ̀jẹ̀ tuntun lè wọlé. Kó tó lè tú, ó gbọ́dọ̀ kó gbogbo kálísíọ́mù tó tú síta yẹn padà sí ibi ìpamọ́. ATP ló fi ń kó o. Torí náà, kódà ìsinmi ọkàn, owó là ń san fún un. Bí owó ò bá tó, ọkàn á le gbagidi, kò ní tú dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó wọlé á wá ṣẹ́rí padà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Èémí tó ń há nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí ara á fi dá bí onítọ̀hún bá jókòó, ṣùgbọ́n bó bá gun àtẹ̀gùn méjì, ó di kó dúró. Bó bá sùn gbalaja, á dà bí ẹni pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ láyà. Á wá máa to ìrọ̀rí méjì, mẹ́ta. Á máa ta jí lóru, á lọ dúró lójú fèrèsé wá afẹ́fẹ́. Ọrùn ẹsẹ̀ á wú, bàtà ò ní wọ̀ ọ́ mọ́ nírọ̀lẹ́. Ní ilé wa, wọ́n á ní ikọ́ fée ni, tàbí pé ayé ló ń ṣe é. Oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, á ti lọ lórí àgbo àti àdúrà kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀rọ BP sí i lápá. Ẹ gbàdúrà, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan náà.

Ti eléré ìdárayá ńkọ́?

Ìbéèrè tó dáa ni. Àwọn tó ń sáré ọ̀nà jíjìn, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, ọkàn tiwọn náà máa ń tóbi. Ti aláboyún náà ń tóbi díẹ̀. Ṣé wọ́n ń ṣàìsàn ni?

Rárá. Nínú ọkàn tí eré ìdárayá mú tóbi, ilé ìdáná bá iwájú dàgbà pọ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín pọ̀ sí i, maitokọ́ńdíríà pọ̀ sí i, jíjó ọ̀rá náà pọ̀ sí i. Ohun mìíràn tún ni pé ẹni tó ń sáré ń sáré fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà ó sinmi. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sinmi. Ẹ sùn, kò sùn. Bí eléré ìdárayá bá fi eré sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ sábà máa ń dín kù padà. Bí aláboyún bá bímọ, tiẹ̀ náà ń padà sípò. Torí náà kì í ṣe títóbi nìkan ni dókítà ń wò. Ó ń wò bóyá ilé ìdáná tẹ̀ lé e.

Kí ẹ má sì rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ló ń mú ọkàn tóbi. Ọtí àmujù lè fà á. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lè fà á, pàápàá lára àwọn tó ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Ọ̀fun dídùn ọmọdé tí wọn ò tọ́jú lè di àrùn tó ń ba àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn jẹ́. Àwọn obìnrin kan sì wà tí ọkàn wọn máa ń rẹ̀ ní oṣù tó kẹ́yìn oyún tàbí láàárín oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò lè sùn sílẹ̀ nítorí èémí, ẹ má sọ pé àárẹ̀ ọmọ títọ́ ni.

Ẹ má na ẹṣin tó ti rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ yín rèé. Bí nǹkan bá rẹni, ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni kéèyàn mu nǹkan tó máa gún ara ní kẹ́ṣẹ́. Ohun mímu inú agolo tí wọ́n kọ "energy" sí lára, kì í kọ́ maitokọ́ńdíríà kankan. Súgà àti kaféènì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Kaféènì ń mú ọkàn yára ni. Ó ń pe oníbàárà sí i wá, kò fi isu kan kún ti ilé ìdáná.

Àwọn oníṣègùn fúnra wọn ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ọ̀nà tó le. Wọ́n ní oògùn kan, milrinone, tó ń jẹ́ kí ọkàn tó ti rẹ̀ súnkì kíkankíkan. Gbogbo èèyàn retí pé á gba ẹ̀mí là. Ní 1991, àbájáde ìdánwò ńlá kan jáde, èyí tí wọ́n fi èèyàn tó lé ní 1,000 ṣe, tí ọkàn wọn ti rẹ̀ gan-an. Ikú láàárín àwọn tó ń gbé oògùn náà mì fi ìdá 28 nínú 100 ju ti àwọn tí wọn ò fún ní oògùn náà lọ. Wọ́n na ẹṣin tó ti rẹ̀, ẹṣin sì ṣubú.

Àwọn oògùn tó wá ń gba ẹ̀mí là ní òdìkejì ìyẹn. Àwọn kan ń mú ọkàn lù jẹ́jẹ́, àwọn kan ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ dẹ̀ kí ẹrù fúyẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kí iṣẹ́ dín kù títí ilé ìdáná á fi lè bá a. Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bí ẹ̀jẹ̀ bá wálẹ̀ tó sì dúró bẹ́ẹ̀, ògiri ọkàn tó ti nípọn lè fẹ́lẹ́ padà. Kì í ṣe ọjọ́ kan, kì í ṣe oṣù kan. Ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tiwa nìyí

Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, arúgbó tó ti lé ní 70 ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gbé dé ilé ìwòsàn nítorí ọkàn tó kọṣẹ́. Ní 2012, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 1,006 ní orílẹ̀-èdè 9 nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 52. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí bí ìdajì wọn. Ní Abẹ́òkúta, ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2014 wo aláìsàn 452. Nǹkan bí 78 nínú 100 wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba ọkàn wọn jẹ́. Ẹni ọdún 52 kì í ṣe arúgbó. Bàbá tó ṣì ń san owó ilé ìwé ni. Ìyá tó ṣì ń ta ọjà ni. Bàbá yín ni, ìyá yín ni, ẹ̀gbọ́n yín ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládipọ̀ Akínkùgbé, ọmọ Oǹdó, tí wọ́n bí ní 1933 tó sì kú ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ní Ìbàdàn kọ́ wa pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe àìsàn òyìnbó. Àárín wa níbí ló wà. Àìsàn tí kì í kan ilẹ̀kùn sì ni. Kò ní orí fífọ́ tirẹ̀ tó dájú, kò ní ibà. Ẹ̀rọ nìkan ló ń rí i.

Torí náà, kí ni ká ṣe?

Ẹ lọ wọn BP yín. Ibùdó ìlera alábọ́dé wà ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Emùré, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà oògùn náà sì ní ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Bó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ rí dókítà. Bí dókítà bá ní ẹ lọ ṣe ẹ̀kò, àwọn ilé ìwòsàn ńlá wà ní Adó àti Ìdó-Èkìtì.

Ẹ dín iyọ̀ kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn ò kún ṣíbí kékeré kan, wọ́n sì ti ka ti inú magí, núdùùsù àti búrẹ́dì mọ́ ọn. Iyán fúnra rẹ̀ ò ní iyọ̀. Ọbẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́.

Ẹ máa rìn, ẹ máa sáré, ẹ máa jó. Ohun tó ń kọ́ ilé ìdáná nìyẹn, kò sì sí oògùn tó ń ṣe é tó o. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé ọkàn rẹ̀ tóbi, kó béèrè irú èyí tó lè ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe oògùn ibà tí à ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ara bá fúyẹ́, oògùn ló mú kó fúyẹ́. Bí owó oògùn bá wọ́n jù, ẹ má dákẹ́ kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà, èyí tí owó rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà. Ẹ fi fóònù yín sí ìrántí fún bàbá yín, aago méje àárọ̀ ojoojúmọ́. Ẹ pè é, ẹ ní, "Ẹ kú àárọ̀ sà. Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" Bó bá ní ara òun ti le, ẹ fi ohùn yìí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kó gbọ́ ìtàn búkà oníyán.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ kíndìnrín ló kàn, nítorí òun àti ẹ̀jẹ̀ ríru jọ ń ṣe ọ̀rẹ́ burúkú kan. Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́.